Ọkọ̀ dúdú mi ti di òwú aláǹtakùn: ṣé kí n pólíìṣì ẹ̀ ni àbí kí n kùn ún?

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kó owó dà síbi tí kò yẹ. Mo ní Camry Muscle kan, 2008, dúdú ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló tà á fún mi nígbà tí wọ́n ń lọ sí Kánádà. Nígbà tí mo gbà á, ẹ lè fi bónẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe dígí kẹ́ ẹ fi lé tìróò. Ní báyìí kò tíì pé ọdún méjì, tí òòrùn bá ti tàn sí i lára, ńṣe ló dà bíi pé aláǹtakùn ta òwú yí gbogbo ara ẹ̀ ká. Tó bá wà lábẹ́ ibòji mi ò ní rí nǹkan kan o, àfi kí n gbé e síta kí inú mi bàjẹ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọlọ́kọ̀ Micra kan ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi ní Ìwó Road, ó tún wá ń sọ fún mi pé "Mọ́mì ẹ má bínú, irin ni, kì í ṣe ara èèyàn". Ọmọ ará ilé wa náà fi òkúta kọ A B D sórí búùtù. Kò tiẹ̀ mọ C.

Pẹ́ńtà kan ní Agodi ní kí n mú 280k wá kóun síprè gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe detailing, ìyẹn àwọn tó ń mú ara ọkọ̀ dán padà, ní Bódìjà ní kí n mú 90k wá, ó ní ẹ̀rọ lòun máa fi ṣe é, kò nílò pẹ́ńtì. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ṣebí ó ń gbé mi lọ ó ń gbé mi bọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kùn ún jàre Mọ́mì. Ọkọ̀ 2008, kí lẹ tún ń wá lára pólíìṣì? Tí wọ́n bá síprè ẹ̀ tán, tuntun ni.

Ayékòótọ́ Sángo
90k fún pólíìṣì kẹ̀? Ẹ ra màkílíìnì, ẹ fi sára àkísà tó rọ̀, ẹ máa fi nù ún yípo yípo, ẹ ó rí i pé ó máa lọ. Èmi ni mo sọ ọ́.

Dán Bí Dígí
Ẹ̀gbọ́n Ayékòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, eyín nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi màkílíìnì fọ̀. Lóòótọ́ ó ní iyẹ̀pẹ̀ kúnná tó lè fá nǹkan díẹ̀, àmọ́ lára ọkọ̀ dúdú, ibi tẹ́ ẹ fi nù máa ṣú bí ojú ògbólógbòó dígí.

Mọ́mì, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Pẹ́ńtì ara ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Prámà ló wà lára irin, àwọ̀ gan-an wà lórí prámà, kílíà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ló wá bo gbogbo ẹ̀. Kílíà yẹn ló ń dán, òun náà ni kànìnkànìn sì ń ha. Kò nípọn rárá, nǹkan bíi 40 sí 50 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) ni lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irun orí ẹyọ kan sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Òwú aláǹtakùn tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, inú kílíà ló wà. Kò sì yípo bẹ́ ẹ ṣe rò o, ìlà wẹ́wẹ́ tó gba ọ̀nà gbogbo ni, èyí tó bá dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan lojú yín ń rí, òun ló fi dà bíi pé ó yí òòrùn ká. Ẹ rìn lọ sí apá kejì bónẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i pé òwú náà máa tẹ̀ lé yín. Ọkọ̀ funfun náà ní in, funfun ló ń bò ó láṣìírí.

Ẹ ṣe èyí fún mi lọ́la: ẹ fọ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi èékánná gba orí ìlà kọ̀ọ̀kan kọjá ní ìdábùú. Tí èékánná ò bá kọ́, ẹ̀rọ máa mú un lọ. Tó bá kọ́, ó ti jìn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ eérú nínú ẹ̀, prámà nìyẹn, kò sí pólíìṣì tó máa dá àwọ̀ tó ti ṣí padà. Tó bá jẹ́ irin lẹ rí, ẹ tètè kùn ún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Bísí Olóòótọ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kẹ́ ẹ lè fi kọ́gbọ́n. Èmi gbé Corolla dúdú mi lọ síbì kan nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gba 25k, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ lábẹ́ òòrùn ọ̀sán gangan, nígbà tí wọ́n ṣe tán mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ọkọ̀ ń kọ mànà. Òjò ẹ̀ẹ̀mejì péré ló rọ̀, gbogbo ìlà jáde padà bí ẹni tó lọ sinmi. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i: ẹ̀rọ ti jó etí bónẹ́ẹ̀tì mi, ibẹ̀ ti funfun títí dòní.

Dán Bí Dígí
Àńtí Bísí, ẹ pẹ̀lẹ́. Òróró inú kọ́ńpáǹdì, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń pólíìṣì, ni wọ́n fi dí ojú ìlà yẹn fún yín, omi ló wá fọ̀ ọ́ lọ. Pólíìṣì tó jẹ́ ojúlówó kì í dí nǹkan o, ńṣe ló ń fá kílíà ẹ̀gbẹ́ ìlà náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìlà ò fi ní ibi tó máa jìn sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í ṣe nǹkan tá à ń ṣe lóṣooṣù, torí ohun tó bá ti fá lọ ti lọ nìyẹn. Etí bónẹ́ẹ̀tì ni kílíà ti sábà máa ń fẹ́lẹ́ jù, àwa tá a mọ̀ máa ń lẹ téèpù mọ́ ọn ká tó gbé ẹ̀rọ débẹ̀.

Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá padà dé Bódìjà, ẹ bi í bóyá ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí pẹ́ńtì ṣe nípọn tó. Kó ṣe ìdajì bónẹ́ẹ̀tì kó fi ìdajì sílẹ̀, kó fi isopropyl, ìyẹn sípírítì tó ń fọ òróró kúrò, nu èyí tó ṣe lójú yín. Tó bá ṣì dán lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì máa wo àkísà ẹ̀. Tí àkísà funfun bá dúdú, àwọ̀ gan-an ló ń bọ́, kò sí kílíà níbẹ̀ nìyẹn, kó rọra.

Bàbá Pẹ́ńtì Àpáta
Èmi pẹ́ńtà ni, ìkùn ló ń fún mi lówó, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún un yín. Ẹ má síprè gbogbo ọkọ̀ yẹn. Pẹ́ńtì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, inú ààrò ni wọ́n ti yan án. Tiwa níbí, abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì la ti ń fọ́n ọn, eruku ọ̀nà ń fẹ́, eṣinṣin á tún wá bà lé e kó tó gbẹ. Búùtù tọ́mọ yẹn kọ nǹkan sí nìkan ni kẹ́ ẹ kùn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ wo pátákó kékeré tó wà lára òpó ibẹ̀, ẹ ó rí C/TR, nọ́ńbà iwájú ẹ̀ ni kóòdù àwọ̀. Tó bá jẹ́ 202, dúdú Toyota tí kò ní irin wẹ́wẹ́ tó ń dán yinrin nínú nìyẹn, ó sì rọ̀, ó tètè ń ha. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú díwọ̀n dúdú fún yín o, dúdú ju dúdú lọ.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ ṣeun ẹ̀yin ará, Bàbá, mo dúpẹ́ gan-an sà. 202 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́! Mo fi èékánná ṣe é. Ti bónẹ́ẹ̀tì àti orí ọkọ̀ ò kọ́ rárá. Ti búùtù kọ́, ó sì rí bí eérú. Ti Micra ló ya mi lẹ́nu, mo fi àkísà tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, ó lé ní ìdajì tó ṣí lọ, àṣé pẹ́ńtì tiẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ tèmi. Èyí tó kù, ìlà méjì péré.

Ìbéèrè kan ló kù. Kí ló fa òwú aláǹtakùn yìí gan-an? Mi ò kì í gbé e lọ kà-wọ́ọ̀ṣì, Ṣẹ́gun mẹ́gáàdì wa ló ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀.

Dán Bí Dígí
Láràárọ̀! Kí ni Ṣẹ́gun fi ń fọ̀ ọ́ ma?

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ọṣẹ Omo, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, pẹ̀lú fóòmù tó gé lára mátírẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, àkísà gbígbẹ ló fi ń kọ́kọ́ nu eruku kúrò.

Dán Bí Dígí
Ẹ ti rí ọ̀daràn yín. Eruku ọyẹ́ yẹn, iyanrìn ni, tẹ́ ẹ bá fi àkísà gbígbẹ nù ún, sáńpépà lẹ fi ń nu ọkọ̀. Kó máa da omi lé e lórí kí ọwọ́ tó kàn án. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán tó máa fi ṣan ìfọkọ̀ kó tó ki í bọ ọṣẹ padà. Kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kó fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ìkẹyìn, tówẹ́ẹ̀lì microfibre ni kó fi nù ún gbẹ. Èyí tó bá já sílẹ̀, kó má gbé e padà sára ọkọ̀ láé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Mo ti padà dé o. 80k ló gbà níkẹyìn, iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ó lẹ téèpù sí àárín bónẹ́ẹ̀tì, ó ṣe apá kan, ó fi isopropyl nù ún lójú mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, apá kan òru, apá kan eérú! Àkísà ẹ̀ dúdú díẹ̀ nígbà tó dé orí ọkọ̀, ó ní òun ò ní fá ibẹ̀ jù, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà méjì ti Micra ṣì wà, àfi tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn. Búùtù ń lọ sí Àpáta lọ́dọ̀ Bàbá Pẹ́ńtì lọ́jọ́ Sátidé.

Ọkọ mi tó ní kí n fi í sílẹ̀ ń fi bónẹ́ẹ̀tì wo irùngbọ̀n ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣẹ́gun nìkan ni inú ẹ̀ ò dùn, ó ní mo gba fóòmù òun.