Camry mi ń kọsẹ̀ lọ́nà Ìlọrin: ó ń wá, ó ń lọ, scan ò sì rí nǹkan kan

Àbẹ̀kẹ́ Onídìrí, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó tún ná owó mìíràn.

Camry ọdún 2000 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnì 2.2, jíà ọ̀tọmátíìkì. Irun ni mo ń ṣe nítòsí Tákìé, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo sì máa ń lọ ra ọjà ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlọrin. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ọkọ̀ yìí ti ń kọsẹ̀. Màá máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ mi á wà lójú kan lórí iná, ṣàdédé ni ọkọ̀ á gé bí ẹni pé mo ṣí ẹsẹ̀. Orí mi á lọ síwájú. Kí n tó pe Olúwa, á tún gbá mi sẹ́yìn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀kan, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léra wọn. Lọ́jọ́ kan tírélà wà lẹ́yìn mi gan-an nígbà tó ṣe é. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí mo fi dé Ìlọrin.

Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní fúẹ̀lì pọ́ńpù ni, mo pààrọ̀ òun náà. Mẹkáníìkì kejì wá ní jíà ni, kí n gbé e wá kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti ṣe scan, kò sí kóòdù kankan, iná check engine ò sì tàn rí.

Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé tí mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí. Ohun tí mo rí nìyí. Kì í ṣe é láàárọ̀ kùtù. Ó di ìgbà tí mo bá ti wà á tó bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ọ̀sán gangan ló sì le jù. Tí mo bá ń gun òkè, tí mo tẹ iná dáadáa, kì í ṣe é rárá. Ojú títẹ́jú ni, tí mo bá wà ní nǹkan bí 80. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ kún un díẹ̀ tàbí mo dín in kù, á dáwọ́ dúró.

Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Bàbá Káyọ̀, Ọ̀yọ́

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ó ṣe tèmi náà rí lọ́nà Ìbàdàn. Fílítà epo ló dí, pọ́ńpù tuntun tí mo rà kò sì lágbára. Ọjà ayédèrú ti pọ̀ jù níta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn agbára epo náà kí ẹ tó gbà pé pọ́ńpù yín dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan jíà yẹn o. Jíà tí wọ́n bá ti tú láìnídìí kì í padà rí bó ṣe wà.

Rẹ́wáyà Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yẹn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.

Bàbá Káyọ̀, ẹ má bínú sà, mi ò rò pé pọ́ńpù ni. Pọ́ńpù tó bá ti rẹ̀, orí òkè ni àṣírí rẹ̀ ti máa ń tú, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń bèèrè epo jù. Ọkọ̀ Àǹtí ń gun òkè láìkọsẹ̀. Ojú títẹ́jú, ẹsẹ̀ fúyẹ́, ibẹ̀ ló ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti kúrò lójú kan yẹn, ó parí. Èyí ló gbé ọkàn mi lọ sí throttle position sensor, tí a máa ń pè ní TPS. Ó wà lára throttle body, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, níbi tí okùn irin tó ti ìdí ẹsẹ̀ yín wá parí sí.

Ìlà dúdú kan wà nínú rẹ̀, ọmọ irin tín-ín-rín kan sì ń rìn lórí ìlà náà bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fún un ní vóòtì 5. Ibi tí irin náà bá dé ló ń sọ iye tó máa padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Lórí Camry yín, bí ẹsẹ̀ ò bá sí lórí iná, 0.3 sí 0.8 ló yẹ kó padà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, 3.2 sí 4.9. Ọkọ̀ tó ti tó ọdún 25, ojú kan ni irin yẹn ti máa ń gbé jù, ibi tí ẹsẹ̀ ń wà lójú ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ náà ló máa kọ́kọ́ jẹ. Bí irin bá bọ́ sí ojú tó ti jẹ yẹn, vóòtì á já sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ ti ṣí ẹsẹ̀, á gé epo, jíà náà á sì dàrú torí òun náà ń gbọ́ràn sí TPS lẹ́nu. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti padà. Kò pẹ́ tó kí kọ̀ǹpútà kọ kóòdù. Ká ní ó ń pẹ́ ni, P0120 tàbí P0121 lẹ bá ti rí.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣe é.

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ má sítáàtì. Wáyà mẹ́ta ló wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì TPS: VC tó ń gbé vóòtì 5 wá, E2 tó jẹ́ earth, àti VTA tó ń jíṣẹ́ padà. Ẹ má yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì fi bíléèdì bó wáyà. Píìnì tín-ín-rín ni kí ẹ tì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu mítà pupa sí VTA, dúdú sí E2. Ẹ ṣọ́ra kí VC má kan irin ara ọkọ̀.

Mítà onínọ́ńbà tí gbogbo wa ń gbé káàkiri ò dáa fún iṣẹ́ yìí, nítorí ẹ̀ẹ̀mélòó kan péré ló ń ka vóòtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nǹkan tó bá já tó sì padà, kò ní rí i. Ẹ wá mítà alábẹ́rẹ́, àwọn tó ń tún rédíò ṣe ṣì ní i. Kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ ṣí throttle díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín ṣe ń rìn, kí ẹ̀yin tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gòkè láìgbọ̀n.

Tí kò bá ṣe nǹkan kan nígbà tó tutù, ẹ má tíì dá a láre. Ẹ̀yin kúkú ní hándíràyà ní ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí. Ẹ fẹ́ ooru sí TPS náà láti ọ̀nà díẹ̀ títí yóò fi gbóná bó ṣe ń gbóná lójú ọ̀nà, kó má yọ́ o, kí ẹ tún wọn vóòtì rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi throttle sílẹ̀ lójú kan, kí ẹ mi àwọn wáyà náà. Tí abẹ́rẹ́ bá já nígbà tí ẹ ń mì wọ́n, wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló lẹ̀bi, TPS ò ṣẹ̀.

Sọjí Under-G

Àǹtí mi, ẹ káàsán mà. Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Súkúrù méjì péré ló dì í mú. Ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ dè é, ẹ máa lọ.

Rẹ́wáyà Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò, tòkunbọ̀ yẹn náà, ara ọkọ̀ tó dàgbà bíi ti Àǹtí ni wọ́n ti tú u. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti jẹ tirẹ̀. Tí wọ́n bá máa rà á, kí wọ́n gbé mítà lọ sídìí ìsọ̀. Láàárín VC àti E2, kílóòmù (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná mànàmáná) 2.5 sí 5.9 ló yẹ kó wà, kó sì dúró lójú kan. Kí wọ́n wá gbé e sí VTA àti E2, kí wọ́n yí i díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá gbọ̀n, kí wọ́n dá a padà.

Àbẹ̀kẹ́ Onídìrí, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. Mo padà wá jábọ̀.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà wa ló gbé mítà alábẹ́rẹ́ rẹ̀ wá, kò sì gba kọ́bọ̀. Ọmọṣẹ́ mi ló ń fi ọwọ́ fa throttle. Ìgbà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ gòkè geere, ó sọ̀ geere. A mi wáyà títí, kò mira. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì, mo ní àbí jíà ni lóòótọ́.

A wá gbé hándíràyà jáde, a so wáyà rẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀, mo ń fẹ́ ẹ bí ìgbà tí mo ń gbẹ irun, mò ń mì í lọ mì í bọ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún ọmọ yẹn tún fà á. 0.6. 0.8. 1.0. Ó kọjá 1.1 báyìí, abẹ́rẹ́ já lulẹ̀ pátápátá, ó sì fò padà sókè. Bàbá onírédíò pariwo. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún la tún un ṣe, ojú kan náà ló ti ń já. Mo ní kí ọmọ náà dì í mú síbẹ̀, mo wọ inú ọkọ̀, mo rọra tẹ iná títí okùn irin náà fi le. Ibi tí ẹsẹ̀ mi máa ń wà lọ́nà Ìlọrin náà ni. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́, nítorí owó tí mo ti ná sórí ohun tí kò ṣẹ̀.

Mo gbé bàbá náà lọ sídìí ìsọ̀ tòkunbọ̀. A yẹ mẹ́ta wò. Méjì gbọ̀n, ọ̀kan tiẹ̀ burú ju tèmi lọ. Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó rí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, òun gan-an ló bá wa wá ẹ̀kẹta. A dè é, 0.6 ló wà nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí iná, ó sì gòkè kọjá 4.

Mọ́ńdè tó kọjá, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbéra lọ́sàn-án gangan. Mo lọ, mo bọ̀, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Jíà náà ń wọlé wẹ́rẹ́.

Bàbá onírédíò fi ọ̀bẹ gé ẹ̀yìn èyí tó kú. Ẹ rí ìlà dúdú náà, ó jọ ilà ojú. Ibì kan wà, kò tó èékánná ọmọ ìka, tí dúdú rẹ̀ ti bó.

Bàbá Káyọ̀, Ọ̀yọ́

Olúwa ṣeun. Rẹ́wáyà, ìwọ lo jàre. Ọ̀sẹ̀ yìí ni màá wá mítà alábẹ́rẹ́ tèmi.

Rẹ́wáyà Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Inú mi dùn gan-an, Àǹtí. Tí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹ́ńjìnì yẹn, ẹ fi ọ̀rá wé orí TPS kí omi má wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí tí wọ́n gé yẹn nù. Mo ní ọmọṣẹ́ méjì tí mo fẹ́ fi hàn.

Àbẹ̀kẹ́ Onídìrí, Ògbómọ̀ṣọ́

Ó wà nínú ike ìlẹ̀kẹ̀ irun ní ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n wá wò ó, ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ni mi ò kì í sí nílé.