Kí a má "jí" jíìnì igi tíì: "dàkọ" ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀gá wa tó gbé àkọlé ìwádìí nípa igi tíì wá túmọ̀ rẹ̀ sí «Bí jíìnì ewé tíì ṣe ń jí nígbà tí nitrójìn bá yí padà» (jíìnì ni àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tí igi yóò ṣe, nitrójìn sì wà lára oúnjẹ igi), wọ́n sì ní kí a bá àwọn wò ó bóyá ó yẹ fún ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà. Ẹ ṣeun, ọ̀gá, tí ẹ kọ́kọ́ gbé nǹkan kalẹ̀. Ó dùn létí, àmọ́ ẹni tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ á ṣìnà níbi mẹ́ta ó kéré tán.

"Ewé tíì" ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò. Bí ènìyàn bá ní kí wọ́n di ewé tíì fún òun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ewé àti egbò, koríko ọba ni yóò gbé délé. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ilé, tíì ni a ń pe ohun gbígbóná gbogbo tí a bu mílíkì sí, títí kan èyí tí a fi kòkó ṣe. Camellia sinensis ni ìwádìí yìí ń sọ, igi tí wọ́n ń gé lórí léraléra kí ọwọ́ lè máa tó ewé titun rẹ̀. Ó wà ní orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, ó sì wà lára igi tí iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìbàdàn, ń bójú tó, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ṣáínà nìkan. "Igi tíì" ni kí a máa kọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí pàápàá, gbòǹgbò ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ewé ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Ìdí tí ọ̀gá fi yan "jí" yé mi. Wọ́n ní ajílẹ̀ ló ń jí ilẹ̀, kí ló dé tí kò ní jí jíìnì? Àfiwé náà gún. Ṣùgbọ́n ẹ fi ammóníọ̀mù, irú nitrójìn kan tí gbòǹgbò ń gbà, gbé e sínú gbólóhùn: "Ammóníọ̀mù jí jíìnì inú gbòǹgbò." Olè ni etí gbọ́. A ń jí ènìyàn lójú oorun, àmọ́ bí a bá jí nǹkan, a ti mú un lọ nìyẹn. Ẹni tó dábàá "tan", bí ẹni tan iná, bọ́ sí kòtò mìíràn. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, "jiini naa tan" á sì di pé jíìnì náà ti tán, tàbí pé ó tàn wá jẹ.

Èyí tó tún burú ju ti ohùn lọ ni pé ọ̀nà méjì péré ni "jí" àti "tan" ní: ó sùn tàbí ó jí, iná kú tàbí iná tàn. Jíìnì kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Iye iṣẹ́ tí ó ń ṣe ló ń lọ sókè sódò, àdàkọ sì ni olùwádìí ń kà láti mọ̀ ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì a máa da ọ̀rọ̀ inú jíìnì kọ sára RNA, èròjà tó ń gbé àdàkọ náà, kí ó tó lè fi ṣe ohunkóhun. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a lo "dàkọ", tí ọwọ́ wa ti mọ́ tẹ́lẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ń da jíìnì náà kọ, àdàkọ rẹ̀ pọ̀ sí i, iye àdàkọ rẹ̀ dín kù.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n á gé gbòǹgbò funfun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á nù ún, wọ́n á sì jù ú sínú nitrójìn olómi tó tutù dé -196°C lójú ẹsẹ̀, nítorí RNA kì í pẹ́ bàjẹ́. (Kí olùtumọ̀ má pe èyí ní nitrójìn lásán, kì í ṣe oúnjẹ igi.) Nínú òtútù yẹn náà ni wọ́n á ti lọ̀ ọ́ kúnná. Igi tíì tún ní wàhálà tirẹ̀: polyphenol inú rẹ̀, èròjà tó ń mú tíì fún ahọ́n pọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ RNA, ohun tí wọ́n yọ jáde á sì pọ́n bí tíì tí a ti rẹ sómi, àfi kí wọ́n fi kẹ́míkà PVP àti mercaptoethanol ká polyphenol náà lọ́wọ́ kò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ RNA di DNA, irú èròjà tí jíìnì fúnra rẹ̀ jẹ́, ẹ̀rọ qPCR á máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí gbòǹgbò kan bá dé ojú àmì ní ìyípo 22, tí èkejì dé e ní ìyípo 25, ìyàtọ̀ 3 yẹn já sí 2 × 2 × 2, ìyẹn ni pé àdàkọ ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po 8 ti èkejì, bí jíìnì tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n bá dúró bákan náà nínú méjèèjì. Báwo ni a ṣe fẹ́ fi "ó jí" sọ ìlọ́po 8?

Ẹ jọ̀ọ́, kí a má sì kọ "ó dín kù ní ìlọ́po mẹ́rin". Ìlọ́po kì í dín nǹkan kù lédè wa. "Ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin" ló tọ́.

Mo rí i pé ẹnìkan pe àwọn purotéènì tí ń mú ammóníọ̀mù wọ gbòǹgbò ní "alábàárù". Alábàárù a máa ru ẹrù rìn láti ọjà dé ibùdókọ̀. Purotéènì yìí, tí wọ́n ń pè ní AMT, kì í rìn lọ síbì kankan; inú awọ sẹ́ẹ̀lì ló dúró sí, tí ó ń jẹ́ kí èyí kọjá, tí kò jẹ́ kí tọ̀hún kọjá. "Oníbodè" nìyẹn. Nígbà náà a lè sọ pé nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, igi a máa fi kún àwọn oníbodè tó lè ṣa ìwọ̀nba tó kù, kí ìwọ̀n tín-ín-tín má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku "nitrójìn bá yí padà". Nitrójìn kò yí padà. Ìwọ̀n tí gbòǹgbò ń rí ló yí padà. Níbẹ̀, kí a ya "àìtó" sọ́tọ̀ kúrò lára "àìsí". Igi tí wọ́n fún ní 2 mílímólù ammóníọ̀mù nínú lítà omi kan, èyí tí wọ́n fún ní 0.2, àti èyí tí wọn ò fún ní nǹkan kan, ipò mẹ́ta ni: ìtó, àìtó, àìsí. Ẹni tó pe méjì ìkẹyìn ní "ebi" ti da ìwádìí méjì pọ̀. Bákan náà, iye ajílẹ̀ kọ́ ni iye nitrójìn. Àpò yúríà 50 kg ní nitrójìn 23 kg nínú, torí 46% ni. Bí ó bá ṣe ammóníọ̀mù sọ́fétì tó jẹ́ 21%, nǹkan bí 110 kg la máa nílò kí ó tó dọ́gba. Irú rẹ̀ tún ṣe pàtàkì, nítorí igi tíì fẹ́ràn ammóníọ̀mù ju náítréètì, irú nitrójìn mìíràn, lọ, ilẹ̀ tó kan díẹ̀, pH (òṣùwọ̀n kíkan) 4.5 sí 5.5, ló sì bá a lára mu. Nínú omi oúnjẹ tí kò ní erùpẹ̀, bí gbòǹgbò ṣe ń gba ammóníọ̀mù ló ń tú ásíìdì jáde, omi náà á sì máa kan sí i. Bí wọn ò bá máa yẹ pH wò kí wọ́n sì máa pààrọ̀ omi, ìṣesí igi sí bí omi ṣe kan ni wọ́n á máa kà, wọ́n á sì pè é ní ti nitrójìn.

"Ìṣesí" yẹn ni mo fi rọ́pò "ìdáhùn", tí a sábà fi ń túmọ̀ "response", torí pé kò sẹ́ni tó bi igi ní ìbéèrè. Bí nǹkan bá ṣe igi, igi náà á ṣe sí i.

Ìdí tí gbogbo èyí fi kan ẹni tó ń mu tíì wà nínú theanine, èròjà tó ń fún tíì ní adùn. Gbòǹgbò ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Énsáìmù (purotéènì tó ń sọ èròjà kan di òmíràn) tí jíìnì CsAlaDC ń darí ṣíṣe rẹ̀ ni yóò yọ kábọ́ńdáíọ́ksáídì kúrò lára alanine, alanine á sì di ethylamine. Ti CsTSI á so ethylamine mọ́ glutamate, ó di theanine, omi inú igi á sì gbé e gòkè lọ sínú ewé titun. Theanine ní átọ́mù nitrójìn 2, káféènì ní 4, catechin, tó wà lára polyphenol, kò ní ẹyọ kan. Nítorí náà, bí nitrójìn bá wọ́n, theanine á fà sẹ́yìn, catechin á borí, tíì náà á máa fún ahọ́n pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Bí a bá kọ ọ́ pé "jíìnì CsTSI jí", akẹ́kọ̀ọ́ ò ní rí adùn kankan níbẹ̀. "Àdàkọ CsTSI pọ̀ nínú gbòǹgbò, theanine sì pọ̀ nínú ewé" ni gbólóhùn tó lè dì mú.

Àkọlé tí mo dábàá nìyí, ọ̀gá: «Ìṣesí àwọn jíìnì igi tíì sí ìwọ̀n nitrójìn tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rí». Ẹni tó bá ní "oníbodè" kò tẹ́ òun lọ́rùn, kó fi gbólóhùn kan dán ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wò fún wa.