Ìdíje síkì tí mo sá ní Luleå àti ẹ̀rọ ìlọgì kan ní Òmù-Àrán

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Ìlọrin ni mo sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ẹ̀kọ́ nípa friction, ìyẹn ipá tí ohun méjì fi ń dá ara wọn dúró nígbà tí wọ́n bá ń fara gbora, kò ju ìlà mélòó kan lójú pátákó lọ: olùkọ́ kọ nọ́ńbà ti irin lórí irin, ó kọ ti igi lórí irin, a há a sórí, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Pákó kékeré kan wà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ṣùgbọ́n a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn àwọn tó dúró níwájú nìkan ni mo rí. Èmi kò dá àwọn olùkọ́ wa lẹ́bi, nítorí ohun tí wọ́n ní ni wọ́n fún wa. Síbẹ̀, ó ń dùn mí títí di òní pé mo jáde pẹ̀lú máàkì tó dára láìjẹ́ pé mo fi ọwọ́ ara mi wọn friction ohunkóhun rí.

Nígbà tí mo wá rí àǹfààní láti tẹ̀ síwájú ní Luleå, ní àríwá orílẹ̀-èdè Sweden, síkì, ìyẹn pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ènìyàn ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, ni wọ́n fi kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Kì í ṣe síkì àwọn tó ń já wálẹ̀ láti orí òkè gíga ni mo ń sọ, bí kò ṣe ti ọ̀nà jíjìn, tí ènìyàn ń fi agbára ẹsẹ̀ àti apá ara rẹ̀ la igbó kọjá, irú èyí tí wọ́n ń sá fún 90 kìlómítà láti Sälen dé Mora nínú ìdíje Vasaloppet tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé síkì kan náà gbọ́dọ̀ máa yọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa di ilẹ̀ mú. Àárín rẹ̀ tẹ̀ sókè bí ọrun ọdẹ. Bí ènìyàn bá dúró lórí síkì méjèèjì, àárín yìí kì í tẹ yìnyín. Orí àti ìdí rẹ̀, tí wọ́n fi ìda tó ń yọ̀ pa, ni wọ́n ń gbé e lọ. Àmọ́ bó bá gbé gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan láti ti ara rẹ̀ síwájú, àárín náà á balẹ̀, ìda mìíràn tó wà níbẹ̀ á sì gbá yìnyín mú díẹ̀ kí ó tó tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìda tó ń di ilẹ̀ mú yìí ní oríṣiríṣi, búlúù fún òtútù, pupa fún ìgbà tí yìnyín bá ti ń rọ̀. Ní sáà 2023 sí 2024 ni FIS, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, fòfin de ìda tó ní kẹ́míkà fluorine nínú pátápátá, nítorí pé kì í jẹrà nínú ilẹ̀ àti omi, bẹ́ẹ̀ ìda ọ̀hún ló ń yọ̀ jù. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní kí a wá ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sá ìdíje 10 kìlómítà kan. Tẹmọ́mítà ojú fèrèsé mi ka òdo láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì fi ìda pupa pa síkì mi gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú igbó, níbi tí oòrùn kì í dé, tutù ju ojú fèrèsé lọ, yìnyín tuntun sì ti bọ́ síbẹ̀ lóru. Ẹyọ yìnyín tuntun ní ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Bí ìda bá rọ̀ jù, wọ́n á gún un wọlé, wọn kò sì ní jáde mọ́. A kò tíì sá ju kìlómítà méjì lọ tí yìnyín fi lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ síkì mi bí iyán ti ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, tí mo ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà olókùúta. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe eré tirẹ̀ kọjá lọ dúró tì mí. Ó bá mi ha ìda náà kúrò, ó fi búlúù pa á, ó sì ní kí n fi ọwọ́ kan yìnyín tí mo dúró lé. Ó ní, “Ibí yìí ni o ti ń sáré, kì í ṣe ojú fèrèsé rẹ.”

Èmi ni mo kẹ́yìn. Mo rántí Philip Boit ará Kenya, tó kẹ́yìn nínú eré síkì 10 kìlómítà ní ìdíje Olympics ìgbà òtútù ní Nagano, ní Japan, ní 1998, tí Bjørn Dæhlie ará Norway tó gba wúrà dúró dè é ní òpin eré títí ó fi dé, tó sì dì mọ́ ọn. Mo rántí Samuel Ikpefan náà, tó ṣojú Nàìjíríà nínú eré síkì ọ̀nà jíjìn ní Olympics ti Beijing ní 2022.

Mo ti padà sílé báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan nínú wọn ṣe ẹ̀rọ ìlọgì fún ìyá kan ní Òmù-Àrán tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rọ. Wọ́n ṣírò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ẹ̀rọ náà, níbi tí wọ́n ń da àgbàdo sí, dáadáa láti inú ìwé, ó sì jẹ́ 30 dígírì. Àṣé àgbàdo gbígbẹ ni ìwé ń sọ. Àgbàdo tí ìyá yìí ń lọ ti wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò ṣàn rárá, igi ni ìyá fi ń tì í látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rù ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ń bà mí. Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ síbẹ̀. A mú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà, a da àgbàdo Ìyá Ẹlẹ́rọ lé e, a ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sókè díẹ̀díẹ̀, a sì ń fi fóònù wọ̀n ọ́n. Ó di 44 dígírì kí ó tó yọ̀. Ìyá wò wá títí, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ò bá ti bi mí tẹ́lẹ̀ ni?” Ọmọbìnrin tó ṣe ìṣirò àkọ́kọ́ ló fúnra rẹ̀ gé irin tuntun náà sí 50 dígírì.

Ìyá Ẹlẹ́rọ ti fi igi tó ń fi tì í dáná. Ohun tó kù ni èlùbọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn, tó gbẹ, tó sì ń ya wọlé jù báyìí. A ó padà lọ wọn ìyẹn náà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.