Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ o, ẹ gbà mí!

Ìdòwú Kubwa: Ẹ káàsán ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Àyà mi ń já. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń wọ bàálù kúrò ní Àbújá, màá gba Istanbul dé Frankfurt nírọ̀lẹ́ Ẹtì. Ọdún kan ni mo fẹ́ fi yọ̀ǹda ara mi nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Jámánì, ètò ìyọ̀ǹda ara ẹni ti ìjọba wọn tí wọ́n ń pè ní Bundesfreiwilligendienst yẹn. Físà D, ti ẹni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, wà lọ́wọ́, ìwé àdéhùn náà wà. Àná ni wọ́n wá kọ̀wé pé ara ẹni tó yẹ kó wá pàdé mi ò yá, kí n dá wọ ọkọ̀ ojú irin máa bọ̀, pé ìgbà méjì péré ni màá pààrọ̀ ọkọ̀. PÉRÉ! Èmi tí mi ò dá rìn kọjá Zuba rí. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti máa wọ ọkọ̀ yẹn? Tí wọ́n bá sì bi mí ní bodè, ṣé kí n ní iṣẹ́ ni mo wá ṣe? Màmá mi tún ti ra kílíṣí rẹpẹtẹ ní Wuse, ó ti wà nínú báàgì.

Bàbá Kẹ́hìndé, Manchester: Ọmọ mi, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jáde lẹ́nu ẹ o! Ohun tó kó bá mi ní 2009 nìyẹn. Físà àbẹ̀wò ni mo gbà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti bá àgbẹ̀ kan ṣàdéhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé màá máa bá a tọ́jú ewúrẹ́, kó fún mi níbi tí màá sùn àti ohun tí màá jẹ. Ọkùnrin tó jókòó ní bodè ní kí ni mo wá ṣe. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní mo wá ṣiṣẹ́ lóko. Mo rò pé á yìn mí ni, pé ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tí mo ti padà sí pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, tèmi ti bàtà òjò tí mo rà ní Utako. Gbogbo owó àjọ ìyá mi ló bá a lọ.

Àlàbí Sábó Gàrí, Hamburg: Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín kọ́ ló ṣe yín, físà yín ni. Lónìí pàápàá, ẹni tó bá gba físà àbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 30 ọjọ́ ló lè fi yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àánú tó forúkọ sílẹ̀. Ewúrẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ àánú. Oúnjẹ àti ibùsùn tí wọ́n fẹ́ fún yín, owó oṣù ni lójú àwọn yẹn.

Bàbá Kẹ́hìndé: Tí mo bá ti ní ìsinmi ni mo wá lò ńkọ́? Ta ni ì bá mọ̀?

Àǹtí Ṣadé, Leipzig: Lẹ́tà àgbẹ̀ yẹn ńkọ́, sà?

Bàbá Kẹ́hìndé: Ó wà nínú báàgì. Inú bàtà òjò ni mo rọ ọ́ sí.

Àǹtí Ṣadé: 😂😂😂 Ẹ̀ bá tún wá di òpùrọ́ mọ́ ọn. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ purọ́, ibi gbogbo tẹ́ ẹ bá ti béèrè físà lẹ́yìn náà ló máa yọjú. Ìdòwú, tìẹ yàtọ̀. Ohun tó ò ń lọ ṣe yẹn gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ fún ẹ ní físà. Sọ pé Freiwilligendienst, ìyọ̀ǹda ara ẹni nìyẹn, na ìwé àdéhùn sí wọn, kó o dákẹ́. Báàgì ọwọ́ ni kí ìwé yẹn wà o, kì í ṣe inú àpótí tí wọ́n máa kó sábẹ́ bàálù.

Bàbá Kẹ́hìndé: Mo ṣì ń sọ ọ́, ẹnu ni.

Àlàbí Sábó Gàrí: Èdè wa ló kó bá yín. Iṣẹ́ oṣù, iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ Olúwa, iṣẹ́ tí wọ́n ran ọmọ lọ sí ìsọ̀ alátà, gbogbo ẹ̀ iṣẹ́ ni lẹ́nu Yorùbá.

Ìyá Zainab, Dortmund: Ẹ fi ẹnu àti físà sílẹ̀. Ìdòwú, yọ kílíṣí yẹn kúrò nínú báàgì. Ẹran àti wàrà láti òde ò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ EU, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀, bó ti wù kó gbẹ tó. Èmi di tèmi sínú ọ̀rá mẹ́ta, mo fi ìró wé e. Ní pápákọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tú ìró mi lójú gbogbo èrò. Ó fi ìka méjì gbé kílíṣí kan sókè, yájì ti pa ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ pọ́n bí ẹní kunsùn. Ó gbé e símú báyìí. Ó sín tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Mo ní “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà,” ló bá jù ú sínú páànù, ó tún ń sín lọ. Kílíṣí Kánò ni o! Ó dùn mí ju owó ọkọ̀ lọ.

Àlàbí Sábó Gàrí: Kánò! Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé ilé. Ìdòwú, èyí tí wọ́n ń tà fún màmá yín ní Wuse, páálí ni.

Ìdòwú Kubwa: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bú kílíṣí wa o. Àti pé báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún màmá mi?

Àǹtí Ṣadé: Ẹ jẹ wọ́n tán kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin wá kù. Ìdòwú, ibùdókọ̀ ojú irin méjì ló wà ní pápákọ̀ Frankfurt: Regionalbahnhof, ti ọkọ̀ tó ń lọ nítòsí, àti Fernbahnhof, ti ọkọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Wo èyí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ. Èmi dúró ní Regional, mò ń jẹ búrẹ́dì, ICE mi, ọkọ̀ ojú irin ayára yẹn, gbéra ní Fern. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ni mo san.

Ìyá Zainab: Ọmọ Kubwa tí ríluwéè Kàdúná ń gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá ni kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí?

Ìdòwú Kubwa: Láti ọ̀rọ̀ 2022 yẹn, tí àwọn agbébọn kọ lu ọkọ̀ náà, ni màmá mi ti ní kí ẹnikẹ́ni nílé wa má wọ̀ ọ́, mà.

Ìyá Zainab: Háà. Ó yé mi. Ẹ máa pẹ̀lẹ́.

Àlàbí Sábó Gàrí: Bó o bá wọ bọ́ọ̀sì tàbí tíráàmù tó o sì ra tíkẹ́ẹ̀tì alábébà, láwọn ìlú kan o gbọ́dọ̀ ki í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan kó lù ú lóǹtẹ̀. Èmi rà á, mo dì í mú lọ́wọ́, mo tún fi han ọkùnrin náà tayọ̀tayọ̀. 60 yúrò. Lójú tiwọn, ẹni tí kò lù ú, kò rà á.

Ìdòwú Kubwa: Yéè! Tí ọkọ̀ kìíní bá wá pẹ́ tí ìkejì sì lọ ńkọ́?

Bàbá Kẹ́hìndé: Jámánì kì í pẹ́.

Àlàbí Sábó Gàrí: 🤣 Ẹ bi wá léèrè. Ìdòwú, tó bá ti hàn pé wàá fi 20 ìṣẹ́jú pẹ́ dé ibi tó ò ń lọ, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ò dè ọ́ mọ́ ọkọ̀ kan, o lè wọ òmíràn. Ìyẹn tí òmíràn bá wà lálẹ́ yẹn ṣá.

Àǹtí Ṣadé: Manchester tí òjò ń pa tọ̀sán-tòru ló ń yin Jámánì. Ẹ wá sí Leipzig, kẹ́ ẹ rí oòrùn.

Bàbá Kẹ́hìndé: Oòrùn wo? Ọmọ Jos ni ọ́, òtútù ni wọ́n fi bí ẹ, o ò mọ oòrùn.

Àǹtí Ṣadé: Jos ò níí bàjẹ́! Ìdòwú, ọ̀kan péré ló kù. Nílé arúgbó tí èmi náà ti lo ọdún kan, mo kúnlẹ̀ kí bàbá kan láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá rò pé mo dákú ni, ó tẹ aago pàjáwìrì. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta sáré dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń ní “Guten Morgen.” Lọ́jọ́ kejì mo pe ìyá kan ní Oma, ìyẹn ìyá àgbà, ó ní òun kọ́ ló bí bàbá mi. Frau, ìyáàfin nìyẹn, ni kó o máa pe àwọn ìyá, kó o fi orúkọ ìdílé tì í. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn, nígbà tí mò ń lọ, òun ló kúnlẹ̀. Ẹni ọdún 84. Ìgbà yẹn ni mo wá tẹ aago.

Ìyá Zainab: Ṣadé, o pa mí lẹ́kún àti ẹ̀rín. Irú wákàtí yìí lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí wa ní Kàdúná, wọ́n á ti máa yí màásà. Etí rẹ̀ á gbẹ, àárín á rọ̀.

Àlàbí Sábó Gàrí: Kí ẹ fi yájì jẹ ẹ́. Ọyẹ́ á ti mú, ètè gbogbo wa á ti ya.

Bàbá Kẹ́hìndé: Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo ti fẹnu kan fúrá.

Ìdòwú Kubwa: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi, “Flughafen”, pápákọ̀ òfuurufú, nìkan ni mo rí, Fern tàbí Regional ò sí níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Zainab: Ìdòwú, ṣé kílíṣí tó o fẹ́ yọ yẹn, àyè rẹ̀ á ṣófo nínú báàgì? Bá mi ra dàdáwà díẹ̀, èyí tó dúdú. Màá rán ọmọ mi wá gbà á lọ́wọ́ ẹ.

Bàbá Kẹ́hìndé: Yájì ike kan fún èmi náà, ọmọ mi. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi láti Jámánì.

Ìdòwú Kubwa: Ẹ̀yin àgbà mi, kílò 23 ni wọ́n fún mi o, 22 ló wà lórí ìwọ̀n báyìí.

Àlàbí Sábó Gàrí: Kúlíkúlí ò wúwo.