Ṣé kí a sọ ìbòmú di dandan ní ṣọ́ọ̀bù wa bí àjàkálẹ̀ àrùn bá tún dé?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onídìrí, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa onídìrí ní àdúgbò wa. Wọ́n ní kí n kọ òfin tí a óò máa tẹ̀ lé bí àrùn tó ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn bá tún bẹ́ sílẹ̀, irú èyí tí a rí nígbà Kòrónà ní ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ ìbòmú ni kò jẹ́ kí ìpàdé wa tó kọjá tú ká ní ìrọ̀rùn. Àwọn kan fẹ́ kí ó jẹ́ dandan fún onídìrí àti oníbàárà, àwọn mìíràn sì ní ẹni tó lò ó náà ṣàìsàn, àti pé Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ní kí ẹni tí ara rẹ̀ le má wulẹ̀ lò ó kó tó yí ohùn padà. Ìyá kan tún wà nínú wa tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, tó ní òun kò lè fi aṣọ dí imú láti àárọ̀ di alẹ́. Ǹjẹ́ ìbòmú ń dáàbò bo ará ìlú ní tòótọ́, àbí ó kàn ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ ni? Bí ó bá ń dáàbò boni, irú èwo ni? Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ó bá dá yín lójú ni kí ẹ sọ, nítorí màá kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì, Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé wa. Inú iṣẹ́ yín gan-an ni mo ti rí àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ fi dá yín lóhùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Missouri, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn onídìrí méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan ń bá iṣẹ́ wọn lọ nígbà tí àmì Kòrónà ti hàn lára wọn, kí èsì àyẹ̀wò wọn tó jáde. Oníbàárà 139 ni wọ́n ṣe irun fún. Òfin ìlú náà àti ti ṣọ́ọ̀bù yẹn ni pé kí olúkúlùkù lo ìbòmú. Nígbà tí àwọn elétò ìlera tọpa àwọn oníbàárà náà, wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tí àmì àìsàn náà hàn lára rẹ̀, àwọn 67 tó sì gbà kí a yẹ àwọn wò ni a kò bá kòkòrò náà lára wọn. Ẹ fi sọ́kàn pé ara ènìyàn ni àwa méjèèjì ń fọwọ́ kàn nínú iṣẹ́ wa, ẹ̀yin pẹ̀lú òòyà, èmi pẹ̀lú abẹ́rẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ “ẹ jìnnà síra yín” kò lè tó wa.

Oníṣòwò kan, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà 72 tí kò gbà kí a yẹ àwọn wò ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kò tó fi ṣe òfin. Ní Denmark, wọ́n ṣe ìwádìí láàárín àwọn ènìyàn tó tó 6,000 ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2020: nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lo ìbòmú, ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló kó àrùn náà. Nínú àwọn tí kò lò ó, ìdá 2.1 ni. Ìyàtọ̀ yẹn kéré débi pé ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá lásán. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Cochrane, àjọ tó ń gbé ìwádìí ìlera yẹ̀ wò pa pọ̀, kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí lílo ìbòmú láàárín ìlú má mú ìyàtọ̀ kan gbòógì wá. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó o. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a máa bu owó ìtanràn lé tálákà lórí nítorí ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀.

Onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò, Èkó

Ìbéèrè yín mọ́gbọ́n dání, ẹ̀gbọ́n, kò sì yẹ kí a fi àríwísí bíi tiyín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n béèrè ní Denmark. Wọ́n béèrè bóyá ìbòmú ń dáàbò bo ẹni tó wọ̀ ọ́, ní ìlú tí àwọn tó yí i ká kò ti lò ó. Wọn kò béèrè bóyá ó ń dáàbò bo ẹlòmíràn lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ sì ni èrè rẹ̀ tó pọ̀ jù wà fún ará ìlú. Ní ti Cochrane, ọ̀gá àgbà olóòtú wọn, Karla Soares-Weiser, jáde ní oṣù Kẹta ọdún náà láti sọ pé àwọn ènìyàn ṣi iṣẹ́ náà túmọ̀: ohun tí ó fi hàn ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti fi dájọ́, kì í ṣe pé ìbòmú kò wúlò.

Ìwádìí tí mo gbára lé jù ni ti Bangladesh, nítorí àwọn abúlé ibẹ̀ jọ tiwa ju Denmark lọ. Abúlé 600 ni wọ́n lò, àwọn àgbàlagbà inú wọn sì lé ní 300,000. Wọ́n pín ìbòmú lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìdajì àwọn abúlé náà, wọ́n sì ń rán wọn létí ní ọjà àti ní mọ́ṣáláṣí, títí iye àwọn tó ń lò ó dáadáa fi kúrò ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tó di 42. Níbi tí wọ́n ti pín irú èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò, àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó dín kù ní ìdá 35. Ti aláṣọ kò fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn kedere. Ẹ rántí pé ènìyàn tó ju ìdajì lọ ni kò lò ó dáadáa níbẹ̀.

Ní ti ohùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yí padà, ẹ̀rù ń bà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìbòmú kò ní kárí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, a kò sì tíì mọ bí ẹni tí àmì kankan kò hàn lára rẹ̀ ṣe ń kó o ran ẹlòmíràn tó. Nígbà tí èyí hàn síta, wọ́n tún ìmọ̀ràn wọn ṣe ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2020. Bí wọ́n bá ti sọ ìdí àkọ́kọ́ yẹn ní gbangba, bóyá ìjà yín kò ní le tó báyìí.

Ohun kan tún kù. Kòkòrò náà kì í dá fò. Inú ẹ̀kán omi wínníwínní tó ń ti ẹnu àti imú jáde nígbà tí a bá sọ̀rọ̀, tí a wúkọ́ tàbí tí a sín ló máa ń wà. Àwọn tó tóbi ń já bọ́ sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n àwọn tó fúyẹ́ ń rá bàbà nínú yàrá bí èéfín sìgá. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀bù tó ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù fi léwu, bí ìbòmú tilẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

Télọ̀, Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà aṣọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbòmú Àǹkárá tí a rán ní ọdún 2020 jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹwà ni a rán, a kò rán ààbò. Bí ẹ bá gbé e sókè sójú oòrùn tí ẹ sì ń rí ìmọ́lẹ̀ láàárín òwú rẹ̀, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ní kí a rán: òwú tó ń fa omi nínú, aṣọ tí omi kì í tètè wọ̀ lóde, kí irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe àpò tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó sì wà láàárín. Kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè rẹ̀ tí a óò tẹ̀ mọ́ egungun imú, torí bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá là, ibẹ̀ ni èémí ń gbà.

Òṣìṣẹ́ ìlera tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi akọ̀wé, má ṣe kọ “gbogbo àjàkálẹ̀ àrùn” sínú òfin náà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku pẹ̀lú omi ara aláìsàn ni ibà Lassa ń gbà ràn. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, fífi ọwọ́ kan aláìsàn àti omi ara rẹ̀ ni ewu náà. Ibi tí èèyàn ti ń mu omi ni kọ́lẹ́rà wà. Bí ẹ bá fi ìbòmú dáhùn gbogbo rẹ̀, àwọn ènìyàn yóò bo imú, wọn kò ní fọwọ́. Kọ ọ́ pé àrùn tó ń gba inú èémí ràn ni, kí o sì dúró de ìkéde NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, tàbí ti ìjọba ìpínlẹ̀ kí òfin tó múlẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onídìrí, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará wa, mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo rò báyìí ni pé kí ẹgbẹ́ ra ìbòmú oníṣègùn ní páálí, kí a máa fún oníbàárà tí kò bá mú tirẹ̀ wá, kí a má sì bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Báwo ni ti ìyá wa oníkọ́ fée, àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì, Manchester

Ọ̀pọ̀ àwọn oníkọ́ fée lè lo ìbòmú oníṣègùn, nítorí ó fúyẹ́ ju Àǹkárá onípele mẹ́ta lọ. Kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí àrùn tó dé. Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ fi àga wọn sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó síwájú wọn láìlo ìbòmú.

Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́, mo fẹ́ padà sí Springfield. Àwọn onídìrí méjèèjì yẹn máa ń wà pa pọ̀ láìlo ìbòmú nígbà tí oníbàárà kò bá sí lórí àga, àkọ́kọ́ ló sì ṣàìsàn kí èkejì tó ṣe é. Àwọn tó sún mọ́ ẹni àkọ́kọ́ náà nílé, tí kò sí ìbòmú láàárín wọn, mẹ́rin nínú wọn kó o. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé àwọn ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jọ yí àwo oúnjẹ kan ká nínú yàrá ẹ̀yìn. Ìta ni kí wọ́n ti jẹun, ní méjì-méjì.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onídìrí, Abẹ́òkúta

Inú yàrá ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ti ń jẹun, ẹ̀gbọ́n, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì ní, àpótí irun ló dí i. Màá ní kí wọ́n gbé e kúrò.