Ẹ̀yin obìnrin tó di ọ̀gá nílé ìwòsàn lókè òkun, ẹ wá sọ tiyín

Adúnní_Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àbúrò mi kan ní Birmingham fẹ́ du ipò Band 7, ìyẹn ipò ọ̀gá wọ́ọ̀dù nínú NHS, ètò ìlera ìjọba UK, àyà rẹ̀ ń já. Ó ní òun ò tíì rí obìnrin Yorùbá kan lórí ipò yẹn níbi tóun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, London ni o, Saudi ni o, ibi táwọn àjọ aláàánú máa ń kó yín lọ ni o, ẹ sọ bó ṣe rí. Ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má sì bù ú kù.

Kọ́lá_Peckham: Mo ti jókòó. Gúgúrú àti ẹ̀pà wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá_Ìbejì_Leeds: Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Mo ti jẹ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta kí n tó wá. Mo débí, wọ́n ní kí n lọ ṣe OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe fún nọ́ọ̀sì, wọ́n ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, èmi tí mo ti gbẹ̀bí lábẹ́ iná àtùpà. Títí PIN mi, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, fi jáde, owó Band 4, ti olùrànlọ́wọ́, ni mo ń gbà. Ìyẹn ò dùn mí tó ti Band 6, ipò tó wà lábẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Mo du ú, wọn ò mú mi. Mo tún du ú, wọ́n mú ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́. Wọ́n ní mo mọṣẹ́ o, àmọ́ n kì í sọ̀rọ̀ nípa ara mi. Ta ló kọ́ ọmọ Ẹ̀gbá láti máa yin ara rẹ̀ níwájú àgbà?

Ohun tó yí i padà rèé. Àwọn arúgbó máa ń ṣubú ní wọ́ọ̀dù wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣubú sílẹ̀. Nígbà tí mo wò ó, àsìkò handover, ìgbà tí àwọn tó ń lọ ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́, ló pọ̀ jù: gbogbo wa ti pé jọ sídìí tábìlì, bàbá àgbà fẹ́ tọ̀, kò rí ẹni tó máa di òun mú, ó bá dìde fúnra rẹ̀. Mo ní ká máa ṣe handover lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣíṣubú dín kù. Nígbà tí mo tún dé iwájú àwọn tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀, mi ò yin ara mi rárá, bébà yẹn ni mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Band 6 bọ́ sí i, Band 7 náà tẹ̀ lé e.

Ṣé ẹ rò pé ó tán ni? Lọ́jọ́ tí mo gba wọ́ọ̀dù, ta ni mo bá láàárín àwọn HCA, àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì? Màmá Èkìtì kan tó ju àbúrò ìyá mi lọ. Láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo kúnlẹ̀ kí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igbákejì mi, òyìnbó, ní ṣé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Màmá yìí kì í tètè dé iṣẹ́. Ìlànà ní kí n kọ ìwé ìkìlọ̀ sí wọn. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo interview tí mo ṣe lọ.

Kọ́lá_Peckham: Ẹ kọ ọ́ àbí ẹ ò kọ ọ́? Ẹ má jẹ́ kí gúgúrú mi rọ̀.

Abíkẹ́_Ward9: Èmi ò lè kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú yúnífọ́ọ̀mù o. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn! Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ yẹn? Norovirus, kòkòrò àrùn tó ń fa èébì, ò mọ àgbà.

Bàbá_Rìsí: Ẹni tí ò lè tẹ orúnkún fún àgbà, kí ló fẹ́ darí? Màmá yẹn lè bí i lọ́mọ.

Abíkẹ́_Ward9: Bàbá, nọ́ọ̀sì ni yín ni?

Bàbá_Rìsí: Ìyàwó mi ni nọ́ọ̀sì. Èmi ni mò ń dáná, etí mi ni gbogbo rẹ̀ sì ń dà sí.

Kọ́lá_Peckham: Alága ẹgbẹ́ ọkọ nọ́ọ̀sì ti dé o 😂

Ìyá_Ìbejì_Leeds: Mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ dúró de màmá lẹ́yìn iṣẹ́, a jọ rìn dé ibùdókọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé iṣẹ́ alẹ́ ni ọmọ wọn ń ṣe, àwọn ló ń mú ọmọ-ọmọ lọ síléèwé kí wọ́n tó wá. Wọn ò sọ fún ẹnì kan. Wọ́n ní àwọn ò lè máa tú àṣírí ilé fún òyìnbó. Mo bá wọn kọ fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa wọlé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ìwé ìkìlọ̀ tàtẹ̀yìnwá ṣì lọ. Bí mo bá fo ti màmá, àwọn ọmọ Poland àti Jamaica tí mo ti kọ tiwọn á ní ará ìlú mi ni mò ń gbè. Màmá ò dáhùn kíkí mi títí di Kérésìmesì.

Tọ́pẹ́_Dallas: Ìtàn yìí dùn jù fún mi o. Ọ̀gá wo ló ń sin ẹni tó fẹ́ bá wí lọ síbùdókọ̀? Ní Texas níbí, HR, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ni wọ́n á kọ́kọ́ pè, ìwọ náà á sì wà lára àwọn tí wọ́n ń wádìí.

Ìyá_Ìbejì_Leeds: Àbúrò, Leeds ni mo sọ.

Fúnkẹ́_A&E: Màmá HCA tèmi ń pè mí ní "ọmọ mi" níwájú consultant, dókítà àgbà. Bí mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ṣadé_Riyadh: Saudi: owó dáa, iwájú ò ṣeé lọ. Charge nurse, nọ́ọ̀sì tó ń darí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ni mo wà títí mo fi kúrò.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Borno: Ẹ̀yin ń sọ ti òkè òkun, èmi ò kọjá Maiduguri, àmọ́ Yúróòpù ni ọ̀gá mi pátápátá wà. Àjọ kan ló gbà mí síṣẹ́. Òjò dé, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi mí ṣe olórí ibùdó ìtọ́jú: àgọ́, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dá ihò sí láàárín, báàkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀, omi chlorine ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí omi bá tán lára rẹ̀ tí ẹ ò bá tètè fà á sí i, wákàtí díẹ̀ ti tó láti pa á. Síbẹ̀ àrùn kọ́ ni ìṣòro mi. Àwọn ọkùnrin tó ń gbé omi àti àwọn tó ń po chlorine ò gba àṣẹ lẹ́nu obìnrin, pàápàá èyí tí Hausa ẹ̀ ò dán mọ́rán. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á yíjú sí awakọ̀ mi bí ẹni pé òun ló sọ ọ́.

Màmá Kanuri kan wà níbẹ̀, agbẹ̀bí ìbílẹ̀, gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá mi yí ibùdó ká láràárọ̀. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí o, wọ́n kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Kò pẹ́ rárá, tí mo bá ní kí wọ́n gbé omi wá, omi ti dé. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ìròyìn nípa bí mo ṣe darí ibùdó, orúkọ màmá ni mo kọ sókè pátápátá. Wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Abíkẹ́_Ward9: Wọ́n yọ ọ́ kúrò kẹ̀?!

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Borno: Wọ́n ní màmá ò sí lára òṣìṣẹ́.

Tọ́pẹ́_Dallas: Èyí ni mo gbà gbọ́.

Olùkọ́_Àgbà_Ìbàdàn: Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa Kofoworola Abeni Pratt ńkọ́? Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní 1946 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní London, àwọn sì ni wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú NHS. Aláìsàn kan tiẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan òun nítorí àwọ̀ wọn. Wọ́n padà sílé ní 1954, òyìnbó ni wọ́n ṣì tọ́jú ipò sister, ọ̀gá wọ́ọ̀dù, fún. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1964, àwọn kan náà di mátírọ́ọ̀nù UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Wọ́n ṣe igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973, wọ́n sì ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera l'Ékòó. Kí àbúrò yín ní Birmingham lọ wá orúkọ yẹn.

Kọ́lá_Peckham: Àkọ́kọ́ báwo? Mary Seacole, obìnrin adúláwọ̀ tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun, ńkọ́?

Olùkọ́_Àgbà_Ìbàdàn: Seacole kú ní 1881. NHS bẹ̀rẹ̀ ní July 1948. Ṣírò ó.

Kọ́lá_Peckham: Ẹ má nà mí, sà.

Nọ́ọ̀sì_Òṣogbo: Ẹ máa gbádùn o. Èmi nìkan ni mo wà ní wọ́ọ̀dù lóru àná. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí kò yẹ kí ẹlòmíì wá máa ṣa òṣìṣẹ́ ìlera wọn kó, síbẹ̀ ojoojúmọ́ là ń ṣe ìdágbére. Ní 2024 ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kéèyàn fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé ná kí wọ́n tó bá a jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì jáde, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Bí gbogbo yín bá di ọ̀gá lọ́hùn-ún, ta ni yóò ṣe ọ̀gá wa níbí?

Abíkẹ́_Ward9: Ẹ̀gbọ́n, ìjọba lẹ máa bi.

Nọ́ọ̀sì_Òṣogbo: Mo ti bi wọ́n. Ṣé òkè òkun ni Dókítà Stella Adadevoh wà ní 2014? Èkó níbí ni wọ́n ti kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn Ebola yẹn ò ní jáde kúrò nílé ìwòsàn, bó ti wù kí ìhalẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ̀mí wọn bá a lọ. Ìyẹn ni mò ń pè ní ọ̀gá.

Bàbá_Rìsí: Ṣé Yorùbá ni Adadevoh? Orúkọ Ghana nìyẹn.

Olùkọ́_Àgbà_Ìbàdàn: Inú ìran Herbert Macaulay ni wọ́n ti jáde.

Bàbá_Rìsí: Ẹ̀hẹn. Mo ti ń fura sí agídí yẹn.

Adúnní_Nọ́ọ̀sì: Àbúrò mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bi Ìyá Ìbejì léèrè, kí lòun máa kọ sínú fọ́ọ̀mù?

Ìyá_Ìbejì_Leeds: Kó wá ohun tó ń bàjẹ́ ní wọ́ọ̀dù wọn, kó kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ohun tó ṣe sí i. Kó yọ "hardworking" kúrò, gbogbo wa la kọ ọ́. Kó fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní, n kì í lọ síṣẹ́ lọ́la.

Abíkẹ́_Ward9: Kó má sì kúnlẹ̀ kí wọn o.

Bàbá_Rìsí: Bó bá jẹ́ orí Zoom ńkọ́?

Ṣadé_Riyadh: Mo ṣe é rí. Iwájú orí mi nìkan ni wọ́n rí, wọ́n ní ṣé íntánẹ́ẹ̀tì mi ló ń já.