Ta ni ẹ fura sí nígbà tí ẹni tí kò dárúkọ kọ̀wé láti inú ìjọba Trump?

Àkàndé Bowie: Mò ń tú páálí àtijọ́ ní Sátidé, ni mo bá rí New York Times ti September 2018 tí mo fi pamọ́. Èyí tí ẹnì kan láti inú ìjọba Trump kọ̀wé sí láìdárúkọ, tó ní àwọn kan nínú àwọn ń dí ààrẹ lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ rántí bí gbogbo wa ṣe di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn? Ta lẹ fura sí, kí lẹ sì fojú rí?

Ẹlẹ́nuure: Pence, igbákejì ààrẹ. Mo fi ogún dọ́là ta tẹ́tẹ́ ẹ̀, ó wọgbó.

Ìyá Ìbejì Laurel: "Lodestar", ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn tí Pence náà fẹ́ràn láti máa sọ, ló kó bá gbogbo yín! Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà náà. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí kì í sùn, tẹlifíṣàn ni tiẹ̀. Wọ́n ń fi fídíò Pence hàn ṣáá, ibi tó ti ń sọ "lodestar" níbí, "lodestar" lọ́hùn-ún. Bàbá ní ó parí, ọwọ́ ti tẹ olè. Mo ní bàbá, ṣé ẹni tó fẹ́ lọ jalè á wọ aṣọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn lára lọ? Kò dá mi lóhùn. Ìgbà tí Pence jáde pé òun kọ́, bàbá ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe òun!

Ẹlẹ́nuure: Ìyá Ìbejì, níbo lẹ wà nígbà tí mò ń ka ogún dọ́là sílẹ̀?

Onítakisí DC: Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ẹni tó bá wọ súùtù wọ ọkọ̀ mi ni mò ń fi dígí wò. Mo gbé ọkùnrin kan láti Foggy Bottom, níbi tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wà, lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Reagan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fóònù ẹ̀ dún, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sọ pé "èmi kọ́, mo ní èmi kọ́". Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti gbé e! Ọdún méjì ni mo fi ń fọ́nnu kiri. Àfìgbà tí Miles Taylor fi ojú ara ẹ̀ hàn ní October 2020 pé òun ló kọ ọ́, ọmọ ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀. Tèmi ti tó ẹni ọgọ́ta. Ìyàwó mi ò tíì dákẹ́ títí dòní.

Olóòótọ́: Bóyá ìyàwó ló ń pè é, tó ń bi í léèrè nǹkan mìíràn 😂

Adúróṣinṣin: Ohun tó dùn mí nìyẹn. Wọ́n ní "òṣìṣẹ́ àgbà", gbogbo wa ń ka Mattis ti iléeṣẹ́ ológun, à ń ka Kelly olórí òṣìṣẹ́ ààrẹ, à ń ka Coats ọ̀gá àwọn amí. Igbákejì olórí òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé ni Taylor wá jẹ́! Ta ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ní August 2020, wọ́n bi í lórí CNN bóyá òun ni, ó ní rárá. Ojo ni, òpùrọ́ sì ni.

Ìyá Ìbejì Laurel: Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó sá pamọ́, ṣé á máa dáhùn ni?

Bàbá Arlington: Ẹ̀yin ọmọdé. Láti 1981 títí di 1990, gáréèjì kan ní Rosslyn ni mò ń gbé ọkọ̀ mi sí. N ò mọ nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni wọ́n rì àmì mọ́lẹ̀ nítòsí ibẹ̀ pé ibẹ̀ ni oníròyìn Bob Woodward ti ń pàdé ẹni tó ń tú àṣírí Watergate fún un lóru, ìwà ìbàjẹ́ tó lé ààrẹ Nixon kúrò lórí oyè. Alexander Haig tó bá Nixon ṣiṣẹ́ ni èmi fi lé lórí, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan jà lórí ẹ̀ débi pé a ò kí ara wa fóṣù mẹ́ta. Ó di 2005 kí Mark Felt tó ní òun ni, ó ti di ẹni ọdún 91. Igbákejì ọ̀gá FBI! Bẹ́ẹ̀, láti October 1972 ni Haldeman, olórí òṣìṣẹ́ Nixon, ti sọ fún un pé Felt ni. Àwa tí a wà níta là ń ṣe wàhálà. Kòkòrò tó ń jẹ obì...

Adúróṣinṣin: ...inú obì ló ń gbé. Ṣùgbọ́n Bàbá, ṣé kì í ṣe pé inú ń bí Felt ni? Hoover ọ̀gá FBI kú, wọ́n fo òun, wọ́n fi Gray jókòó síbẹ̀.

Bàbá Arlington: Bínú bínú, ṣé irọ́ ló pa?

Olóòótọ́: Ẹni tó ń pe Taylor ní ojo, April 2025 ni Trump fọwọ́ sí ìwé pé kí ìjọba wádìí ẹ̀. Ẹ wo èrè ẹni tó dárúkọ ara ẹ̀.

Akọ̀wé tẹ́lẹ̀: Ẹ fi ti Trump sílẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹnì kan kọ lẹ́tà aláìlórúkọ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí lórí owó gbọ̀ngàn tí kò yé èèyàn. Wọ́n kà á nípàdé. Gbogbo àmì ohùn ló pé! Èmi nìkan ni mo sì ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú WhatsApp wa. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ojú yí sí mi. Mo búra títí, kò sẹ́ni tó gbọ́, mo fi ipò sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, níbi ìsọmọlórúkọ kan, àna alága fúnra ẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun ni. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí mo kọ ló gbé síwájú tó ń wò kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Laurel: Háà! Aṣọ yín ló wọ̀ lọ jalè!

Àkàndé Bowie: Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ tó ń pàdé ní Sọ́ńdè kejì oṣù kọ́ nìyẹn? Mo mọ àna alága yẹn o.

Akọ̀wé tẹ́lẹ̀: Ẹ má dárúkọ o, mo bẹ̀ yín.

Onítakisí DC: Owó gbọ̀ngàn náà ńkọ́, ṣé wọ́n rí i?

Akọ̀wé tẹ́lẹ̀: Ẹ̀ ń bi mí?

Adúróṣinṣin: Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n. Ta ló tún gbọ́ nígbà tí àna alága ń jẹ́wọ́? Àbí ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́?

Akọ̀wé tẹ́lẹ̀: Wò ó, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!

Bàbá Arlington: Àmì ohùn inú ohun tó kọ síbí náà pé o. Mo kàn ń wò ó ni.

Ẹlẹ́nuure: Mo ní ogún dọ́là míì lọ́wọ́ báyìí.